‘Carver’ Lédè Gẹ̀ẹ́sì, Gbẹ́nàgbẹ́nà Lédè Yorùbá: Àríwísí Lórí Orúkọ Tí A Fi Ń Pe Oníṣẹ́ Igi

1. Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú pépà yìí ni láti yẹ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wò, kí a sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a máa ń fi rọ́pò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni ‘carver’. Bí a bá kọ́kọ́ wò ó, ó jọ ọ̀rọ̀ kékeré tí kò mú ẹjọ́ wá. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ti ka ìwé díẹ̀ lórí iṣẹ́ ọnà Yorùbá yóò ti rí i pé òun ni wọ́n fi ń pe Aréógun ará Òsì-Ìlọrin, Duga ará Ìmẹ̀kọ, Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ àti Lámídì Fákẹ́yẹ ará Ìlá Ọ̀ràngún. Yóò sì ti rí i pé àwọn òǹkọ̀wé mìíràn kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, tí wọ́n fi ‘sculptor’ dípò rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń fi oyè dá ẹni lọ́lá.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ìbéèrè mẹ́ta ni a fẹ́ dáhùn. Èkíní, kí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n bá pe ènìyàn ní ‘carver’? Èkejì, ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo wà tó lè ru gbogbo ẹrù tí ọ̀rọ̀ yìí rù? Ẹ̀kẹta, kí ni iṣẹ́ lámèyítọ́ ń pàdánù nígbà tí a bá ń ti inú èdè kan bọ́ sínú èkejì láìwẹ̀yìn wò? Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé Gẹ̀ẹ́sì pín àwọn oníṣẹ́ wọ̀nyí gẹ́gẹ́ bí ipò wọn, nígbà tí Yorùbá pín wọn gẹ́gẹ́ bí ìṣe ọwọ́ wọn. Ẹni tó bá gbé ìpín ti Gẹ̀ẹ́sì lé orí ti Yorùbá yóò ṣi iṣẹ́ àwọn ènìyàn wọ̀nyí kà.

2. Àwọn Ìtumọ̀ Tí ‘Carver’ Ní

Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ‘carver’ ti jáde wá ti pẹ́ nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ‘ceorfan’ ni, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju ‘gé’ lọ. Ohunkóhun tí irin bá lè gé ni wọ́n ń lò ó fún. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ mìíràn gba ipò yìí mọ́ ọn lọ́wọ́, èyí ni ‘cut’. Ibi tí ‘carve’ wá fìdí kalẹ̀ sí jù lọ ni orí ẹran tí a ń gé níbi oúnjẹ, àti orí igi, òkúta tàbí eyín erin tí a ń gbẹ́ ọnà sí lára.

Láti ibí yìí ni ‘carver’ ti ní ìtumọ̀ mẹ́rin ó kéré tán. Ó lè jẹ́ ẹni tó ń gbẹ́ igi tàbí òkúta. Ó lè jẹ́ ẹni tó ń gé ẹran fún àwọn tó jókòó sí ìdí tábìlì. Ó lè jẹ́ ọ̀bẹ tí onítọ̀hún fi ń gé ẹran náà. Ó sì tún lè jẹ́ àga alápá tí baálé ilé ń jókòó lé ní orí tábìlì, nítorí pé òun ni ó ń gé ẹran fún ará ilé. Ní Amẹ́ríkà, irú àga mìíràn tún wà tó ń jẹ́ orúkọ yìí, ṣùgbọ́n kò bá iṣẹ́ gbígbẹ́ tan: orúkọ John Carver, gómìnà àkọ́kọ́ ní Plymouth, ni wọ́n fi sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe àkíyèsí ohun kan. Nínú ìtumọ̀ wọ̀nyí, èyí tó jẹ mọ́ oúnjẹ kì í ṣe èyí tó rẹlẹ̀ jù. Nínú ilé àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, iṣẹ́ ọmọlúwàbí ni gígé ẹran níwájú àgbà. Chaucer pàápàá, nígbà tó ń ṣe àpèjúwe ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ jagunjagun nínú ìtàn àwọn arìnrìn-àjò Canterbury, ka gígé ẹran fún bàbá rẹ̀ mọ́ ìwà rere rẹ̀. Èyí fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kò ní ẹ̀gàn nínú láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Grinling Gibbons (1648–1721), tó gbẹ́ ọnà sára ìjókòó àwọn akọrin ní kàtídírà St Paul’s ní Lọ́ńdọ̀nù, ‘carver’ ọba ni wọ́n ń pè é. Orúkọ oyè ni, kò sì tì í lójú.

Ohun tó yí ìtumọ̀ padà ni pé ọ̀rọ̀ kejì wọlé. ‘Sculptor’ ti inú èdè Látìn wá. Bí àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Yúróòpù ti ń ya iṣẹ́ tí a fi ọpọlọ ṣe sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ tí a fi ọwọ́ ṣe, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ń jìnnà síra wọn. Nígbà tí wọ́n dá Royal Academy sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1768, àwọn ayàwòrán, àwọn ‘sculptor’ àti àwọn ayàwòrán-ilé ni wọ́n kó jọ síbẹ̀. ‘Carver’ wà ní ṣọ́ọ̀bù, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe àga àti férémù. Láti ìgbà náà, bí a bá pe ẹnì kan ní ‘carver’, a ti sọ iṣẹ́ rẹ̀, a sì ti sọ ipò rẹ̀ pẹ̀lú, bí a kò tilẹ̀ ní i lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ tó ti gbé ipò sínú báyìí ni wọ́n gbé wá bá iṣẹ́ igi Yorùbá.

3. Gbẹ́, Fín, Kọ àti Kun

Tí a bá wá yí padà sí èdè Yorùbá, ohun tí a kọ́kọ́ rí ni pé kò sí ọ̀rọ̀-ìṣe kan tó kó gbogbo iṣẹ́ ‘carve’ mọ́ra. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni ó pín in láàárín ara wọn.

‘Gbẹ́’ ni ti igi. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọnà nìkan. A ń gbẹ́ odó, a ń gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi, a ń gbẹ́ kòtò, a sì ń gbẹ́ kànga. Ohun tó wà nídìí gbogbo rẹ̀ ni pé a yọ nǹkan kúrò kí nǹkan mìíràn lè jáde. ‘Fín’ ni ti igbá, nítorí pé ojú igbá nìkan ni irin ń rìn lé. Finígbáfinígbá kò yọ inú igbá nígbà tó bá ń fín in. Ọ̀bẹ rẹ̀ kò gbọdọ̀ lu igbá náà já. Ìlú Ọ̀yọ́ ni òkìkí iṣẹ́ yìí kàn jù. ‘Kọ’ ni ti ara ènìyàn: olóólà ni ó ń kọ ilà, abẹ sì ni irin rẹ̀. ‘Kun’ ni ti ẹran: bí a bá ti pa ẹran tán, a óò kun ún, kí olúkúlùkù lè gba ìpín tó tọ́ sí i.

Bí a bá fẹ́ túmọ̀ ‘carver’ sí Yorùbá láìsọ ohun tó ń gbẹ́, a kò lè ṣe é. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá igi ni, bóyá igbá ni, bóyá ara ni, bóyá ẹran ni. Síbẹ̀, kò yẹ kí a rò pé Yorùbá kò rí ohun tó so wọ́n pọ̀. Agbẹ́gilére, olóólà, alápatà, ọdẹ àti alágbẹ̀dẹ, ọmọ Ògún ni gbogbo wọn. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀rọ̀-ìṣe kan dì pọ̀, Yorùbá fi òrìṣà kan dì í pọ̀. Irin tí wọ́n ń lò ni ó sọ wọ́n di ọmọ ìyá, kì í ṣe ipò tí wọ́n wà láwùjọ.

Àwọn orúkọ tí a ṣẹ̀dá láti ara ‘gbẹ́’ yẹ fún àyẹ̀wò tirẹ̀. ‘Agbẹ́gilére’ ni a-gbẹ́-igi-ní-ère. Orúkọ náà kó gbogbo iṣẹ́ náà sínú ara rẹ̀: ẹni tó gbẹ́, ohun tó gbẹ́, àti ohun tí ohun náà dà. ‘Gbẹ́nàgbẹ́nà’ yàtọ̀. Gbẹ́-ọnà ni, tí a sọ di méjì gẹ́gẹ́ bí a ti ṣe sí ‘pẹjapẹja’ àti ‘panápaná’, láti fi hàn pé iṣẹ́ tí onítọ̀hún ń ṣe jẹun ni. Kò dárúkọ igi, kò sì dárúkọ ère. Ọnà ni ó dárúkọ. Ẹni tó gbẹ́ odó gbẹ́ igi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgbà tó bá gbẹ́ ọnà ni orúkọ yìí tọ́ sí i.

Ẹ̀rí tó lágbára jù lórí èyí ni ti àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà Èkìtì àti Ìgbómìnà fúnra wọn. Kevin Carroll, àlùfáà ìjọ Àgùdà tó bá Aréógun àti Bámidélé ọmọ rẹ̀ ṣiṣẹ́, ṣe àkọsílẹ̀ ìpele mẹ́rin tí wọ́n ń tẹ̀ lé. Ọnà lílé ni àkọ́kọ́, nígbà tí àáké ń wá ibi tí orí, ara àti ẹsẹ̀ yóò wà. Àlétúnlé ni èkejì, nígbà tí wọ́n ń pín àwọn ibi ńlá wọ̀nyí sí kéékèèké. Dídán ni ẹ̀kẹta. Fínfín ni ẹ̀kẹrin, nígbà tí ọ̀bẹ ń fa ìlà irun, ìlà ojú àti ti aṣọ. Ó yẹ kí a kíyè sí i pé ‘fín’ tí a rí lọ́dọ̀ onígbá ni ó tún jáde níhìn-ín gẹ́gẹ́ bí ìparí iṣẹ́ igi. Bí ilà ojú bá sì wà lára ère náà, iṣẹ́ olóólà ni gbẹ́nàgbẹ́nà ń fi ọ̀bẹ ṣe lórí igi. Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tó bá sọ pé ẹnì kan ‘carve’ ère ti pa ìpele mẹ́rin yìí pọ̀ di ẹyọ kan, lámèyítọ́ tó bá sì gbára lé gbólóhùn náà kò ní lè sọ ibi tí iṣẹ́ kan ti dára àti ibi tó ti kù káàtó. Ère kan lè ní fínfín tó jọjú, kí ọnà lílé rẹ̀ máà gún. Ọmọ iṣẹ́ lè fín ohun tí ọ̀gá lé.

4. Gbẹ́nàgbẹ́nà àti Káfíńtà

A kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìṣòro yìí wà lápá Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Nínú ilé tiwa pàápàá, ọ̀rọ̀ ti ń sọnù.

Ẹ jẹ́ kí a mú Ìdímù ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́ fún àpẹẹrẹ, ìlú Àwórì tí Èkó ti fẹ̀ dé tó sì gbé mì. Bí a bá ní kí ọmọdé kan lọ pe gbẹ́nàgbẹ́nà wá níbẹ̀ lónìí, ẹni tó ń kan bẹ́ẹ̀dì, àga àti òrùlé ilé ni yóò mú dé. Lójú ọmọ náà, gbẹ́nàgbẹ́nà ni orúkọ tí olùkọ́ èdè Yorùbá ń pe káfíńtà. Kò jẹ́ mọ̀ pé ọnà wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ ìlú Ọ̀tà tí wọ́n ti ń gbé agbárí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jó kò jìnnà sí i, ilẹ̀ Àwórì kan náà ni.

Àwọn kan lè ka èyí sí ẹ̀bi Bíbélì Yorùbá, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, nítorí pé gbẹ́nàgbẹ́nà ni wọ́n fi pe iṣẹ́ Jésù níbẹ̀. Lójú tiwa, ẹ̀bi náà kò tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó wà nídìí rẹ̀, ‘tekton’, gbòòrò ju káfíńtà lọ. Nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611 pàápàá, káfíńtà ni wọ́n pe ẹni tó ń gbẹ́ ère inú ìwé Aísáyà orí kẹrìnlélógójì. Yàtọ̀ sí èyí, ní àkókò tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe ìtumọ̀, ẹni tó ń gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin láti ara odindi pákó ìrókò ni ó súnmọ́ iṣẹ́ náà jù. Kò tíì sí ìdí láti pín orúkọ náà sí méjì.

Ohun tó sọ ọ́ di méjì ni ayùn, ìṣó àti pákó lílà. Ìṣe tuntun wọlé, ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ sì wà nílẹ̀ dè é: ‘kàn’. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín gbígbẹ́ àti kíkàn kì í ṣe kékeré. Ẹni tó ń gbẹ́ ń yọ igi kúrò lára igi. Ẹni tó ń kàn ń fi igi kún igi. Bí káfíńtà bá ṣìṣe, yóò yọ ìṣó, yóò sì tún un kàn. Bí gbẹ́nàgbẹ́nà bá gé imú ère kúrò, kò sí ohun tó lè dá a padà. Èdè tó bá pe àwọn méjèèjì ní orúkọ kan ti gbàgbé ewu tí ọ̀kan nínú wọn ń bá ṣiṣẹ́.

5. Orí Ìwé Mẹ́ta

Ẹ jẹ́ kí a wá wo bí àwọn òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì ti sọ àwọn ènìyàn wa lórúkọ. A mú orí ìwé mẹ́ta, nítorí pé orí ìwé ni òǹkọ̀wé ti máa ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ lò jù.

Ìkíní ni ti Carroll, Yoruba Religious Carving, tó jáde ní 1967. Ìwé yìí jáde láti inú iṣẹ́ tí òun àti Sean O’Mahony dá sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní 1947. ‘Carving’ ni ó lò. Ẹnìkan lè sọ pé ó fojú kéré wọn. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn mẹ́ta yìí, òun ni ó fetí sílẹ̀ jù sí ohun tí àwọn oníṣẹ́ náà ń pe iṣẹ́ wọn, ìpele mẹ́rin tí a mẹ́nu bà lókè sì ni ẹ̀rí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ rẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wà lára irin àti igi.

Ìkejì ni àròkọ William Bascom lórí Duga, tó jáde ní 1973. ‘Master Carver’ ni ó pè é. Ọ̀rọ̀ kejì ni ó ń ṣàlàyé ìdí tí ẹ̀kíní fi wà níbẹ̀: Bascom mọ̀ pé ‘carver’ nìkan kò tó, ó sì fi ‘ọ̀gá’ gbé e dúró. Ní Yorùbá, kò sí ohun tó burú nínú ọ̀gá gbẹ́nàgbẹ́nà. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ìtumọ̀ ọnà kò nílò láti fi oyè ti gbẹ́nàgbẹ́nà lẹ́yìn kó tó lè yẹ ní ẹni à ń kà kún.

Ìkẹta ni ìwé Roslyn Walker lórí Ọlọ́wẹ̀, tó jáde ní 1998. ‘Sculptor to Kings’ ni ó pè é. Ìwé náà dára, ó sì dá orúkọ àti ìtàn padà fún ọkùnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ ti rìn jìnnà. Ilẹ̀kùn ààfin Ọgọ́gà Ìkẹ́rẹ́ tí Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ dé ibi àfihàn ńlá ní Wembley ní 1924, ilé-ìṣọ́-ohun-ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á; ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ìlú òyìnbó ni Ọgọ́gà gbà dípò rẹ̀. Kò sí àní-àní pé ọlá tọ́ sí ẹni tó ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ìbéèrè wa ni irú ọlá tí ‘sculptor’ fún un. Òpó ilé àti ilẹ̀kùn ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ ní ààfin, bí iṣẹ́ Gibbons ti jẹ́ ìjókòó àti ara ògiri ní ilé ọba tirẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì pe Gibbons ní ‘carver’ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Nígbà tí a bá ní ọ̀rọ̀ kan náà kò yẹ Ọlọ́wẹ̀ mọ́, a ti gbà pé ẹni tó ń ṣe òpó ilé rẹlẹ̀, a sì kàn ń tọrọ pé kí wọ́n yọ ọ̀kan ṣoṣo kúrò láàárín wọn. Kí ni a óò wá pe àwọn yòókù tí kò sí ẹni tó kọ ìwé nípa wọn?

Oríkì Ọlọ́wẹ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ kì kò bá irú ìjà bẹ́ẹ̀ jà. Ohun tó fi yìn ín ni pé ìrókò rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni pé igbá ni. Ìyìn lámèyítọ́ gidi ni èyí. Ó gbé líle igi yẹ̀ wò, ó gbé irin yẹ̀ wò, ó sì fi gbígbẹ́ wé fínfín. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀rọ̀-ìṣe méjèèjì kò lè gbọ́ adùn ìyìn náà.

6. Kí Ni Kí A Ṣe?

Èsì tí a máa ń gbọ́ ni pé kí a fi ‘agbẹ́gilére’ túmọ̀ ‘sculptor’, kí a sì fi ‘gbẹ́nàgbẹ́nà’ túmọ̀ ‘carver’. Èyí kò lè dúró. Ère Ṣàngó tí Ben Enwonwu ṣe sí ojúde ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná ní Marínà, Èkó, ní 1964, idẹ dídà ni. Enwonwu mọ igi gbẹ́, ọmọ agbẹ́gilére ni. Ṣùgbọ́n tí a bá pe ẹni tó ṣe ère idẹ yẹn ní agbẹ́gilére nítorí iṣẹ́ náà, a ti sọ irọ́ nípa ohun tó ṣe. ‘Sculptor’ gba ẹni tó ń gbẹ́, ẹni tó ń mọ, ẹni tó ń rọ àti ẹni tó ń dà. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì yẹ kí a ju mẹ́ta nù nítorí kí ọ̀kan lè bá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì dọ́gba.

Èkejì, àwọn kan yóò sọ pé ẹni tó ń sọ èdè ni ó ni ín: bí Ìdímù bá pe káfíńtà ní gbẹ́nàgbẹ́nà, ó parí. Òótọ́ wà níbẹ̀, a kò sì lè fi pépà kan yí ẹnu ọjà padà. Ṣùgbọ́n ẹnu ọjà ti yanjú ọ̀ràn náà fúnra rẹ̀: káfíńtà ni àwọn ènìyàn ń pè é lójoojúmọ́. Ìwé ilé-ẹ̀kọ́ nìkan ni ó ń fi tipátipá gbé gbẹ́nàgbẹ́nà lé e lórí, nítorí pé ó ń sá fún ọ̀rọ̀ àyálò. Bí a bá gba káfíńtà wọlé, gbẹ́nàgbẹ́nà yóò bọ́ sí ipò rẹ̀ padà.

Ohun tí a dábàá nìyí. Kí ‘gbẹ́nàgbẹ́nà’ dúró fún ẹni tó fi ọnà gbígbẹ́ ṣe iṣẹ́. Kí ‘agbẹ́gilére’ dúró fún un nígbà tí ère igi bá ni ó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kí ‘ọlọ́nà’ tàbí ‘oníṣẹ́-ọnà’ kó gbogbo wọn mọ́ra. Èyí tó kẹ́yìn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá. Ó ti wà nínú orúkọ ènìyàn tipẹ́. Ọlọ́nàdé ni orúkọ Lámídì Fákẹ́yẹ, agbẹ́gilére tó gbẹ́ ère Odùduwà tó wà ní gbọ̀ngàn Odùduwà ní Ifásitì Ifẹ̀. Ọnàbólú sì ni orúkọ ìdílé Aina Onabolu (1882–1963), ẹni tó fi ọ̀dà ya àwòrán tí kò sì gbẹ́ igi jẹun. Ọnà gba àwọn méjèèjì láìbi wọ́n léèrè ipò.

Iṣẹ́ lórí èdè-ìperí Yorùbá, èyí tí Bámgbóṣé ṣe olótùú apá kìíní rẹ̀ ní 1984 tí Awóbulúyì sì ṣe olótùú apá kejì ní 1990, dá lórí èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Ó yẹ kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wáyé lórí iṣẹ́ ọnà tí a ń fi ojú rí, kó sì bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń lo irin náà.

7. Ìgúnlẹ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ‘carver’ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, àti pé ipò tó wọ inú rẹ̀ láàárín òun àti ‘sculptor’ kò ti ilẹ̀ wa wá. A sì ti fi hàn pé ‘gbẹ́’, ‘fín’, ‘kọ’ àti ‘kun’ pín iṣẹ́ náà lọ́nà tó wúlò fún lámèyítọ́ ju ìpín ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Nígbà tí a bá ń kọ̀wé ní Gẹ̀ẹ́sì nípa àwọn ènìyàn wọ̀nyí, ohun tó tọ́ ni pé kí a fi orúkọ Yorùbá wọn sílẹ̀ kí a sì ṣàlàyé rẹ̀. Nígbà tí a bá sì ń kọ ọ́ ní Yorùbá, kí a dárúkọ ìṣe ọwọ́ wọn kó tó di pé a ń fún wọn ní oyè. Ẹni tó bá sọ pé Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ ìrókò, tó sì mọ ohun tí ‘gbẹ́’ jẹ́, ti bu ọlá tó tó fún un.